Ìbéèrè Màmá Bọ́lá ní Ìjàrè

Ọjọ́rú, Àkúrẹ́.

Ìjàrè ni mo lọ lónìí, mo lọ kọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí alága fi ní kí àwọn obìnrin máa lọ sílé.

Màmá Bọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́, tí mi ò gbóhùn rẹ̀ rí nípàdé, dìde. "Alága, ẹ má bínú. Ìgbà wo la dìbò yàn yín?"

Mi ò dá a dúró. Mo ní ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tòní.

Alága yíjú sí mi. Ó ní, "A ò dìbò rí. Olùkọ́, ẹ kọ́ wa."

Wọ́n dìbò, tọkùnrin tobìnrin. Alága ló tún wọlé, Màmá Bọ́lá sì di igbákejì rẹ̀.

Mo mọ iṣẹ́ mi dáadáa. Síbẹ̀, obìnrin yẹn ló kọ́ wọn lónìí.