Ọ̀gá Mi Ní Kí N Má Lọ Kọ́ṣẹ́ Àrùn Gbígbọ̀n

Olóòtú wa, mo kí i yín o, ẹ kú làálàá wa. Ẹ pè mí ní Olóríkunkun, bí ọ̀gá mi ṣe ń pè mí nìyẹn.

Dókítà ọpọlọ àti iṣan ara ni mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá àyè láti lọ fi ọdún kan kọ́ ìtọ́jú àwọn tí ara wọn ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbà mí! Ìwé ìyọ̀ǹda ọ̀gá mi ló kù.

Ọ̀gá mi ní, "Ìyá ọlọ́mọ méjì, ibo lò ń sáré lọ? Ara gbígbọ̀n, ṣebí ọjọ́ ogbó ni?" Ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò gbà, ó nà án sí mi.

Olóòtú, ìlà àkọ́kọ́ tóbi dáadáa. Ìkejì kéré. Kó tó dé ìsàlẹ̀, lẹ́tà ti rí bí èèrà. Bí àrùn yẹn ṣe máa ń yọjú nìyẹn, kí ọwọ́ tó gbọ̀n rárá. Bó ṣe ń jáde lọ, mo wo ọwọ́ òsì ẹ̀. Kò fì bíi ti ọ̀tún bó ṣe ń rìn, àmì àrùn náà kejì nìyẹn.

Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà ni mo sì kọ ọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe sọ fún un, tí kò ní rò pé mò ń gbẹ̀san? Àmọ́ ẹ má sọ pé kí n jókòó o. Nílé ìwòsàn wa, kò sẹ́ni tó mọ ìtọ́jú ẹ̀. Mò ń lọ kọ́ ọ wá fún un, bó fẹ́, bó kọ̀.