Oṣó Tó Ń Ṣọ́ Orísun

Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Mushin, Èkó.

Aneesah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le ní Ìlọrin, bí ara tèmi náà ṣe le. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí yàrá kan náà la jọ wà, etí wọn sì ń gbọ́ kedere.

Àrùn rọpárọsẹ̀ yẹn ti ń tú ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń wá kọ́ wọn ní ìrìn ní bí wọn ò bá máa dìde dúró báyìí, ẹsẹ̀ náà máa gan, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́. Bàbá rẹ kọ̀, wọn ò dìde. Fíìmù tí Ìbíkúnlé ṣe, tí bàbá rẹ bá a kópa nínú rẹ̀, ló fà á.

O rántí pé nínú fíìmù náà, oṣó márùn-ún ni Ọba Òkè rán wá láti gba ayé lọ́wọ́ ìkà ọba kan. Bàbá rẹ ni ìkarùn-ún, ẹni tí Ọba Òkè fi ṣọ́ orísun omi. Ní apá kejì, wọ́n fi òpá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà wọn kanlẹ̀, wọ́n ní, "Mi ò ní kúrò níbí." A ò tún rí wọn mọ́. Apá ìkẹyìn jáde lóṣù tó kọjá. Ogun parí, àwọn oṣó mẹ́rin yòókù padà lọ jábọ̀, Ọba Òkè sì kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìkarùn-ún.

Láti ọjọ́ tí a wò ó ni bàbá rẹ ti ń bi mí: "Ìyá Aneesah, ṣé oṣó yẹn jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an?" Mo ní eré lásán ni. Wọ́n ní ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò padà wá jábọ̀, iṣẹ́ wo ló jẹ́? Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi òpá yẹn dìde. Wọ́n ní òpá iṣẹ́ ni, kì í ṣe òpá arọ.

Èmi tí kì í wọkọ̀ láìnídìí, mo wọkọ̀ lọ bá Ìbíkúnlé ní Àgùdà. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, a gbàgbé Bàbá ni." Ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò gbé e délé.

Mo wá tún apá ìkẹyìn náà wò fúnra mi. Nígbà tí àwọn jagunjagun ti ojú ogun dé, wọ́n mu omi nínú igbá. Mo sáré lọ bá bàbá rẹ. Mo ní, "Ẹ wò ó, ká ní oṣó yẹn fi orísun sílẹ̀ ni, ìkà ọba yẹn ì bá ti da májèlé sí i, gbogbo wọn ì bá ti kú."

Bàbá rẹ ní, "Piọ wọ́tà inú ọ̀rá ni. Mo wọ aṣọ oṣó dúró lọ́jọ́ náà, mò ń retí kí wọ́n pè mí. Èmi ni wọ́n ní kí n já a sínú igbá."

Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ? Ẹ̀yin náà lẹ fún wọn lómi." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Orúnkún ọ̀tún ti ń gan. Èmi gbà pé oṣó náà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà kò lè gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ dìde.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ di ohun ìgbàgbé. Kó ṣọ́ ọ fún mi, kó ṣọ́ ilé rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Sìmíátù.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa, wọ́n bi mí ta ni mò ń kọ ọ́ sí. Mo ní ìwọ ni. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ìwọ rí wọn ní apá ìkẹyìn, bó ti wù kó kéré mọ. Má purọ́ fún wọn. Wọ́n máa mọ̀.