Àìsàn Tí À Ń Na Kúrò Lára Ràṣíìdì Wà Lára Èmi Olópàá Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ẹ ṣàánú mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Iléyá tó dé. Mo ti lu èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi ni mo lù, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, mo lù ú títí apá fi ń ro mí, àwọn èèyàn sì dúró, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́... Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú sàn nìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí n kò sọ fún ìyàwó mi, tí n kò sọ fún ìyá tó bí mi lọ́mọ, ni pé ohun tó ń ṣe Ràṣíìdì ń ṣe èmi náà. Ó ti ń ṣe mí kó tó máa ṣe òun. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èmi tí mo mú pàṣán lọ́wọ́ ni mò ń sọ o.

Ẹ̀jìgbò ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi òòlù tún ara mọ́tò tó bá forí sọ nǹkan ṣe, láti ìgbà tí ìjọba sì ti ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni iṣẹ́ kò ti dáwọ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi, bọ́lẹ̀kájà lónìí, takisí lọ́la. A ní ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, télọ̀ ni wá, mẹkáníìkì, dírẹ́bà, àwọn tó ti Kodífuà dé. Ẹgbẹ́ dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí bàbá ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, àwa la ó gbẹ́ sàárè, bí ògiri ilé ẹnìkan bá wó, àwa la ó bá a po amọ̀. Ṣùgbọ́n a ní òfin. Ẹni tí kò bá wá sípàdé tí kò rán èèyàn, gbogbo ẹgbẹ́ á ya bo ilé rẹ̀, adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí a bá bá lójúde rẹ̀ la ó mú, a ó pa á jẹ lójú rẹ̀, òun náà á sì bá wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Bí kò bá ní ohun ọ̀sìn, pàṣán ni. Èmi ni olópàá ẹgbẹ́, èmi ni mo máa ń ṣáájú. Ojú mi le, ọwọ́ mi yá, inú sì tètè máa ń bí mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí sípò yẹn.

Ràṣíìdì ní tiẹ̀, télọ̀ ni, àgbà télọ̀. Ó pẹ́ ní Àbíjàǹ ní Kodífuà kó tó padà wálé, tó bá máa kí èèyàn, "sàfá" ló máa ń kọ́kọ́ sọ, ẹni tí kò gbọ́ èdè Faransé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sí ọ̀hún. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a wálé. Kò sọ ọ́ fún wa rí o, ìyá rẹ̀ ló sọ. Ní nǹkan bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé ni mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí maṣíìnì, aṣọ á wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, maṣíìnì kò sì ní dún. Á kàn jókòó bẹ́ẹ̀. Aṣọ Iléyá tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ jọ wọ̀ wà níwájú rẹ̀, kò gé e, kò rán an, eruku ń bò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó jókòó sórí táyà, ó ń wolẹ̀... ó wá bi mí pé ṣé ẹnìkan máa ń pe èmi náà tí n kò ní rí ẹni tó pè mí. Ó ní ohùn kan wà lẹ́yìn etí òun, àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń bú òun, ó ń sọ pé òun ló pa ọmọ òun, pé kí òun lọ kú. Ó ní òun bi mí nítorí pé òun ti rí mi rí tí mo gbé òòlù sílẹ̀ tí mo dáhùn, tí kò sì sẹ́nìkan níbẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ó ti rí mi! Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ máa kírun dáadáa, pé ẹni tí kì í jí kí àsùbáà ni nǹkan báyìí máa ń bá jà. Ó wojú mi títí, ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ.

Irọ́ ni mo pa fún un. Èmi náà ń gbọ́ ọ. Tèmi kì í sọ pé kí n kú, tèmi máa ń pe orúkọ mi ni, á máa pè é bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe olè, á ní kí n lu ẹni tó bá dúró tì mí. Bí mo bá ń lu irin, n kì í gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí òòlù mi kì í fi í dákẹ́. Kódà bí kò bá sí mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù, màá wá páànù jíjẹrà kan, màá máa lù ú, gbogbo àdúgbò sì ń fi mí kọ́ àwọn ọmọ wọn pé ẹ wo òṣìṣẹ́ kára! Mo ti fi orí mi gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì títí ẹ̀jẹ̀ fi dà sí mi lójú, mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé irin ló fò bà mí. Ó fi omi gbígbóná jó o fún mi, ó ń sunkún, ó ní kí n máa rọra ṣiṣẹ́. Mo ti gbé òòlù sókè lẹ́yìn rẹ̀ rí níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí tó ń fẹ́ná. Kò mọ̀. Mo sáré jáde sí àgbàlá, mo fọ́ ìkòkò omi, mo ní ejò ni mo rí.

Ràṣíìdì kò wá sípàdé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ní ká lọ mú un. Kò ní adìẹ, kò ní ewúrẹ́. A bá a tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò wẹ̀, kò gé irun, kò dá wa lóhùn, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù ṣe máa ń ṣe. Àwọn kan ní ìgbéraga Àbíjàǹ ló ń ṣe é, pé ó ń fojú di ẹgbẹ́. Inú bí mi. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé bó bá la ẹnu báyìí, orúkọ mi ló máa dá. Mo gbá a lẹ́nu. Ẹnu gan-an ni mo gbá o, kì í ṣe pé mo ṣèèṣì. Eyín rẹ̀ kan já, ó tu ú sọ́wọ́, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan. Ìyẹn tún bí mi nínú sí i, mo fa pàṣán yọ, mo lù ú láti yàrá dé ojúde, aṣọ rẹ̀ fàya, ẹ̀yìn rẹ̀ bó, kò nawọ́ sí mi, kò bẹ̀ mí.

Ibẹ̀ ni àlùfáà ẹgbẹ́ wa ti ní ẹni tó bá jẹ irú ìyà yìí tí kò ké, àlùjọ̀nnú ló wà lára rẹ̀, pé kì í ṣe ara rẹ̀ là ń nà, àlùjọ̀nnú là ń nà. Ó di pé gbogbo ọjọ́ ìpàdé, bí a bá ti ṣe àdúà tán, a ó so ó mọ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìpàdé, wọ́n á máa ké kéwú, èmi á máa nà án. Ìyá rẹ̀ á gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá fún àwa tí à ń na ọmọ rẹ̀. Á kúnlẹ̀! Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ á kúnlẹ̀ fún mi, á ní ẹ kú làálàá, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo jẹ àkàrà yẹn. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ìyà tó ń jẹ obìnrin yẹn ju èyí tó ń jẹ ọmọ rẹ̀ lọ. Ràṣíìdì á sì máa wò mí lójú. Gbogbo ìyà tí mo fi jẹ ẹ́ yìí, kò fìgbà kan dárúkọ mi. Ẹnu kan ṣoṣo ló kù kó là kí wọ́n dè mí mọ́ ọn, kò là á. Kí ló fà á? Ṣé ó ń ṣàánú mi ni? Ṣé ó ti gbàgbé ni? Mi ò lè sùn tí mo bá rò ó.

Nígbà tó yá, ó já okùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní sísọ́ọ̀sì lábẹ́ aṣọ, sísọ́ọ̀sì ńlá tó fi ń gé aṣọ. Ó gún alága wa nítan, ẹ̀jẹ̀ tú jáde pìà, gbogbo wa tú ká, èmi ni mo fi igi gbá a lọ́rùn ọwọ́, egungun rẹ̀ sì dún. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ tó fi ń ránṣọ. Ìgbà yẹn ló ké, ó ké tó fi jẹ́ pé àwọn èèyàn jáde ní mọ́ṣáláṣí. Ọwọ́ náà kò tíì tò títí di òní, ó wú kọ̀ǹbọ̀.

Ẹgbẹ́ wá pinnu pé a ó gbé e lọ sí abúlé kan lọ́nà ìlú Ara, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tọ́jú wèrè. Mo mọ ibẹ̀. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ èèyàn lé gẹdú, wọ́n á fi irin ààbà gba ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, wọ́n á fi òòlù kàn án wọnú igi, ibẹ̀ lá máa jẹun sí, ibẹ̀ lá máa yàgbẹ́ sí. Mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kẹ̀ sínú ààbà, eṣinṣin bò ó, wọ́n ṣì ń nà án. Dírẹ́bà kan nínú ẹgbẹ́ wa tó máa ń ná Abẹ́òkúta sọ pé ilé ìwòsàn kan wà lọ́hùn-ún fún ẹni tí orí ń dà láàmú, pé wọ́n ń fún wọn lóògùn, mọ̀lẹ́bí wọn á bá wọn gbé nítòsí, pé òun ti gbé ẹnìkan tó tibẹ̀ bọ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ọkọ̀ tó ń bá òun sọ̀rọ̀ iṣu. Wọ́n fi ṣẹ̀sín, wọ́n ní ṣé abẹ́rẹ́ òyìnbó ló máa lé àlùjọ̀nnú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, inú mi sì ń sọ pé bi í, bi í ọ̀nà ibẹ̀.

Ìyá Ràṣíìdì bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí òun àti ọmọ òun jọ jẹ ẹran Iléyá ná, pé bí Iléyá bá ti kọjá kí á gbé e lọ. A gbà fún un. Nítorí pé èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ irin, wọ́n ní kí n rọ ààbà náà sílẹ̀, kí n sì tẹ̀ lé wọn lọ kàn án. Obìnrin yẹn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí irin rẹ̀ wúwo jù. Bá mi fá etí irin náà dáadáa, kó má baà máa gé e lẹ́sẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wọn bí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ṣe tó fún mi... Mo ní ẹ má ṣèyọnu, mà.

Ẹ̀yin èèyàn, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dìde nípàdé tí mo ní èmi náà ń gbọ́ ohùn, tí mo ní ẹ jẹ́ ká gbé Ràṣíìdì lọ sí Abẹ́òkúta kí n bá a lọ, ṣé wọ́n á gbọ́ àbí wọ́n á so èmi náà mọ́ igi ọsàn? Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, mo mọ bí tiwa ṣe ń dun èèyàn, èmi ni mo gé e. Ìyàwó mi ńkọ́, ṣé á dúró tì mí? Àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́, ta ló máa fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wèrè? Bí mo bá sì dákẹ́, ṣé n ó lè gbé òòlù lójú ìyá yẹn, kí n kan ọ̀rẹ́ mi mọ́gi?

Mo ti rọ ààbà náà tán. Mo fá etí rẹ̀ títí kò fi lè gé ọmọ ọwọ́. Lánàá mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ bàtà, mo fi í gba ọrùn ẹsẹ̀ tèmi kọjá, mo sì jókòó sílẹ̀ báyẹn. Ó gbà mí rẹ́gí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, ìyá Ràṣíìdì ti ra àgbò Iléyá, ó ń ké lójúde wọn.