Kédárì Tí Bàbá Bó Yí Ká

Màmá wa Celestine, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi òkè odò yìí sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin! Oje tún ti ń gun inú igi, àsìkò bíbó èèpo kédárì ti dé, a ò sì gbọ́ ohùn yín tí ẹ fi máa ń jí wa bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Ilé ẹja yíyan tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ti parí, a ti kan òrùlé rẹ̀. Agatha, ọmọ-ọmọ yín, ti ga ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ló ń forí gbá a, kò sì tíì kọ́gbọ́n. Rosalie ọmọ yín ṣì ń hun agbọ̀n, ṣùgbọ́n èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bàbá, ọkọ yín, nìkan ló mọ̀ ọ́n bó dáadáa, Bàbá ò sì wọ igbó mọ́.

"Eékún ń dùn mí," ló máa ń wí. Eékún! Lọ́dún tó kọjá agbọ́n lé e, ó fo ọgbà bí àgbọ̀nrín. Ìgbà tó balẹ̀ tán ló rántí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ẹsẹ̀ tí kò dùn ún ló sì ń fi tiro!

Màmá, kì í ṣe eékún. Ẹ̀bi ni. Lọ́jọ́ tí ẹ kú, Bàbá nìkan ló lọ bó èèpo tí a ó tẹ́ sínú pósí yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa: ká kí igi, ká bó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì lápá kan ṣoṣo, ká dúpẹ́, ká máa lọ. Ìbànújẹ́ ò jẹ́ kó mọ ibi ìdúró. Ó ń bó o, ó ń sunkún. Ó ń bó o, ó ń pe orúkọ yín, títí ó fi bó o yí ká. Kédárì tí ìyá ìyá yín ń kí! Igi tí a bá sì bó yí ká, ó ti kú nìyẹn.

Lánàá, lẹ́bàá sàréè yín, Bàbá ṣí fìlà.

"Mo pa igi Celestine."

"Bàbá, ta ni kò mọ̀?" Rosalie ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Pósí ni! Ó kún bí tìmùtìmù ọba. Apá kan igi wo ló lè ṣe ìyẹn?"

Agatha ní, "Bàbá àgbà, imú Màmá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdérí!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ mọ̀," ó ní, "ẹ sì jẹ́ kí n dá ẹrù yìí gbé láti ọjọ́ yìí wá?"

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ wa lẹ́nu. Ọ̀wọ̀ la pe dídákẹ́ wa, Màmá. Ìkà ni.

Ló bá mú wa wọ igbó, a la àárín àwọn igi hẹ́mílọ́ọ̀kì tó ń tẹrí ba àti igi ẹlẹ́gùn-ún eléwé gbòòrò tí ń gúnni kọjá. Kédárì yín dúró, ó ti gbẹ títí dókè. Bàbá gbé ọwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà ó mú Agatha dé ìdí kédárì mìíràn tó ṣì yè, ó kí igi náà, ó gbé ọwọ́ ọmọ náà lé èèpo.

"Ibi tí ọwọ́ rẹ parí sí, máà kọjá ibẹ̀. Kódà bí ẹkún bá ń gbọ̀n ẹ́."

Agatha fà á, èèpo ya gbọọrọ lọ sókè. Bàbá fúnra rẹ̀ ò fọwọ́ kàn án.

Màmá, igi yín ò ní rúwé mọ́. A ò ní parọ́ fún yín. Bàbá ní ká sọ pé ìfẹ́ tí òun ní sí yín ló pa á, pé ìfẹ́ náà ò sì tíì tán lára òun. Ẹ darí jì í. Ẹ darí ji àwa náà. Àárò yín ń sọ wá, a fẹ́ràn yín, a ò sì ní jẹ́ kí Bàbá dá nǹkan kan gbé mọ́.