Ọ̀pá Alhaji Gbàdàmọ́sí àti Afárá Ìmùṣin

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Ọ̀nà Ẹ̀jìnrín,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Usamah, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Fatihah ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Iṣẹ́ ojú irin ńkọ́? Mo rí ìyá rẹ ní Ayépé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ara wọn le, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ti fún ọ ní ìyá mìíràn ní Minna, tí o fi lo ọ̀sẹ̀ méjì láìpe àwọn. Mo sọ fún wọn pé fóònù kì í wọlé níbi tí ẹ pàgọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí, tí mo sì fi rán Aaron, awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ yín lọ́la. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo.

Usamah, ara mi ò balẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí n kò lè rí afárá tàbí ẹnu ọ̀nà kan kí n má wọ̀n ọ́n.

O mọ ọ̀pá irin tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ti ọ̀gá mi, Alhaji Gbàdàmọ́sí. Ẹsẹ̀ bàtà méje ni. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ jó, ì báà ṣe táǹkì omi, ì báà ṣe agbada gàrí, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ọ̀pá yẹn lọ. Bàbá Alhaji, tó jẹ́ káfíńtà tó ń kan ara ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà nílùú yìí láyé ọjọ́un, ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Ọdún kẹfà mi rèé lọ́dọ̀ wọn, n kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìdí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin wá ní kí a ṣe agbada ńlá fún ẹgbẹ́ wọn, èyí tí obìnrin mẹ́jọ lè jókòó yí ká kí wọ́n jọ máa yan gàrí, mo wo ọ̀pá náà, inú bí mi. Ọkọ̀ tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, kí ló kàn án nínú gàrí? Alhaji lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí wọ́n tó dé, mo ti jó agbada náà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, mo ti fi amọ̀ rẹ́ inú ààrò abẹ́ rẹ̀. Wọ́n dé, wọ́n rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Ó dára. Ìwọ náà ni wàá gbé e lọ.” Mo rò pé wọ́n yìn mí ni.

Afárá tó ṣáájú Ìmùṣin ló tú àṣírí mi. Ògiri kọnkéré wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ló sì wà láàárín méjèèjì. Ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi gbé agbada náà lè kọjá, ṣùgbọ́n agbada tó yọ etí síta lẹ́yìn rẹ̀ kò lè kọjá. A kò lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, torí amọ̀ inú rẹ̀ á fọ́. Ọ̀nà kejì, àgbàrá ti gé e. Èyí tó burú jù ni pé èmi fúnra mi ni mo ti sọ fún àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n wó ààrò wọn àtijọ́. Wọ́n ti wó o. Wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́ sínú àpò, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin. Bó bá fi lè tún lò ju ọjọ́ kan sí i lọ, yóò kan kọjá ohun tí oníbàárà ń fẹ́.

Ìyá Mùínátù, olórí ẹgbẹ́ wọn, dúró lórí afárá, ó na ìka sí mi. “Ṣèyítán, ṣé afárá la máa fẹ̀ ni, àbí ká kúkú máa wá yan gàrí lójú títì?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn ò rẹ́rìn-ín.

Alhaji gun ọ̀kadà débẹ̀. Wọn ò bá mi wí, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Wọ́n jókòó lórí ògiri afárá, wọ́n ní ènìyàn márùn-ún ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì bọ́lẹ̀kájà kan, àti pé àwọn òǹtajà obìnrin ni bàbá wọn fi wọn bẹ́ǹṣì ọ̀hún. Gígùn bẹ́ǹṣì yẹn ni ọ̀pá náà, ọkọ̀ sì gba ìwọ̀n bẹ́ǹṣì. Àwọn tó kọ́ afárá wo ọkọ̀ tó ń kọjá, wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un. “Ó yé ọ? Ìdí ìyá-ìyá ẹ ló wọn agbada yìí, kì í ṣe èmi.”

Usamah, ìwọ náà ti sọ ọ́ fún mi rí pé ojú irin àtijọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀, pé èyí tí ẹ ń tẹ́ báyìí fẹ̀ jù ú lọ, àti pé ọkọ̀ ti àtijọ́ ò lè gùn ún. Mo rò pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún nìkan nìyẹn kàn.

Alhaji ní kí n gé e. Mo kọ̀ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Mùínátù tú ẹnu àpò ẹ̀gẹ́ kan, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo gé agbada mi sí méjì lójú gbogbo èrò. A gbé e kọjá ní ìdajì-ìdajì, mo fi nọ́ọ̀tì so ó pọ̀, wọ́n sì yan gàrí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ojú ibi tí mo ti so ó ti là, gàrí ń jò sínú iná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni mo wà níwájú, èmi náà ni mo sì wà lẹ́yìn.

Àwọn obìnrin Ìbẹ̀fun ti wá ní kí a ṣe tiwọn. Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Afárá tuntun ló wà lọ́nà wọn, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mo wá sọ fún Alhaji pé a kò nílò ọ̀pá.

“Afárá kan lo wọ̀n. Bí wọ́n bá tà á fún ará Ìmùṣin lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?”

“Alhaji, bí a bá dín in kù sí ìwọ̀n ọ̀pá, ṣé kí obìnrin mẹ́ta dìde nídìí agbada nítorí afárá tí wọn ò gbà kọjá ni?”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, a ò sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n lọ dá dúró. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Èmi àti ọ̀gá mi lè jà, n kò ní fi wọ́n sílẹ̀.

Lánàá ni mo fi ẹfun ya á sílẹ̀: agbada alápá méjì tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, tí apá kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ tó ọ̀pá, tí méjèèjì bá parapọ̀ kí ó pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Alhaji fi ọ̀pá lé apá kan, wọ́n fi lé ìkejì, wọ́n sì lọ kírun àsàrì. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bi mí pé, “Nọ́ọ̀tì mélòó?”

N kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ sí nìyẹn. Irin máa ń gùn bó bá gbóná, mo ti rí i ní Ìmùṣin. Ṣé kí n jẹ́ kí ihò nọ́ọ̀tì gùn díẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín irin ọkọ̀? Báwo ni ihò kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì? Yà á fún mi, má kọ gírámà. Bí ti Ìbẹ̀fun bá tún là, Alhaji ò ní bínú, wọ́n á kàn gbé ọ̀pá wọn padà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ títí ayé.

Bá mi kí Fatihah, fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Pe ìyá rẹ, kódà bó o bá máa gun òkè kí o tó rí nẹ́tíwọ̀kì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni mo máa gé irin. Bí èsì rẹ bá dé, màá tẹ̀ lé e. Bí kò bá dé, màá gé e náà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí orí rẹ̀ ò tí ì rọ̀,

Olúwaṣèyítán