Máńgòrò Tí Ìwọ́ Rẹ Wà Nídìí Rẹ̀ Kò Ní Kú Mọ́

Kẹ́misọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Gbàgádà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi Agboyi dojú dé lọ́sẹ̀ yìí ni yóò máa ṣọ́ yín nínú ilé alájà mẹ́rin yẹn. Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Má fòyà, ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀. Igi máńgòrò tí a ri ìwọ́ rẹ sí ìdí rẹ̀ ló ṣàìsàn. Ó ń sun oje dúdú bí ẹni ń sunkún, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì gbẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ pé ṣé ikọ́ kò ṣe ọ́. O ní rárá, mi ò gbà ọ́ gbọ́. Bàbá rẹ ti pọ́n àáké, ó ní òun yóò gé e kó tó wó lu ilé. Mo ní kó kọ́kọ́ gé èmi.

Súmbọ̀ ọmọ Ìyá Gbénró, tó kọ́ nípa igi ní yunifásítì, ló wọkọ̀ láti Ketu wá wò ó. Ó ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ló wọ inú rẹ̀, láti ojú ìṣó tí Mojeed ọlọ́kọ̀ ojú omi kàn mọ́ ọn láti máa so ọkọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé bí ojú kò bá lè rí i, ta ló wá rí i? Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní oje yẹn kì í ṣe ẹkún, igi ló fi ń ti kòkòrò jáde, àti pé ó ń mọ odi nínú ara rẹ̀ yí ibi tó jẹrà ká, kí àìsàn má baà ráyè kọjá. Mo yí igi náà ká títí, mi ò rí iyanrìn, mi ò rí búlọ́ọ̀kù. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì báyìí, igi ń dá nìkan mọ odi!

Ó fi fóònù ya igi náà, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Mo yára wọ ìró tuntun, mo dúró tì í, kí ọ̀gá lè mọ̀ pé aláìsàn náà ní ẹbí. Lọ́jọ́ kejì èsì dé pé kò ní kú. Wọ́n gé ẹ̀ka gbígbẹ náà, wọ́n fi omi bílíìṣì fọ ayùn kí àìsàn náà má baà ran igi mìíràn. Mojeed yọ ìṣó rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, mo ní igi ni kó bẹ̀. Ó sì bẹ̀ ẹ́. Ewé tuntun ti yọ, mo sì ti ń sùn.

Jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún méje ránṣẹ́, owó òpó tí a ó gbé sétí omi fún Mojeed láti máa so ọkọ̀ rẹ̀ ni. Mo ti dúnàádúrà dáadáa, kò tó owó ọsibítù tí ò bá san ká ní igi náà kú.

Wàá gbó, wàá tọ́. Ìwọ ni wàá sin mí, èmi kò ní sin ọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Adédiwúrà