Ó Wọlé: Ìgbésí Ayé Olóògbé Bohumír Vrzal, Aṣọ́lé Lokomotiva Hradovice (1944–2018)

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1944, nígbà tí ogun ṣì ń jà, tí èédú tí à ń dá sínú ààrò kò sì tó nǹkan, ni a bí Olóògbé Bohumír Vrzal ní ìlú Hradovice, nínú ilé tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi. Metoděj Vrzal alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn, Růžena tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ni ìyá wọn. Àbíkẹ́yìn ni wọ́n nínú ọmọkùnrin mẹ́rin. Ìdílé Vrzal kì í ṣe ìdílé olówó, wọn kì í sì í ṣe aláròyé. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń lu irin, ọwọ́ gbogbo wọn sì tóbi bí abẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni Bàbá wa jogún.

Bàtà onírin tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, mẹ́ta péré ló wà nínú ilé fún ọmọ mẹ́rin. Bí adágún omi ilé ìlagi bá ti dì nígbà òtútù, àwọn ẹ̀gbọ́n a wọ bàtà wọn, wọ́n a sì fi Bohumír sáàárín òkúta méjì pé, “Dúró síbẹ̀, má jẹ́ kí nǹkan kan kọjá.” Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Bàbá wa nígbà náà, bàtà òjò ni wọ́n sì wọ̀ dúró. Ìyá Růžena tú tìmùtìmù àtijọ́ kan, wọ́n fi irun ẹṣin inú rẹ̀ rán ìbòsẹ̀ fún ọmọ wọn kí egungun rẹ̀ má baà fọ́. Nígbà tí a wá rí bàtà onírin kẹrin rà ní ọdún 1953, ọmọ náà ní òun kò fẹ́ kúrò níbi tí òun wà mọ́.

Wọ́n parí ilé-ìwé ní ọdún 1959, wọ́n sì lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe títí tí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ọdún 1960 ni wọ́n wọ ẹgbẹ́ Lokomotiva, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tó ń gbá họ́kì lórí yìnyín. Ọdún méjì tí wọ́n fi ṣe ológun, ilé ni wọ́n ń ṣọ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ní ọdún 1969, Lokomotiva gòkè lọ sí ìpele kìn-ín-ní ní orílẹ̀-èdè Czech àti Slovak, ìlú kékeré wa wá ń gbá pẹ̀lú àwọn ìlú ńláńlá. Eré irinwó ó lé méjìlá ni Bàbá wa ṣọ́ ilé fún. Fún ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́, wọn kò wọ ìbòjú, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí à ń gbá náà sì le bí òkúta. Ibi mọ́kànlélógún ni dókítà ti fi abẹ́rẹ́ rán wọn lójú. Màmá wa a máa sọ pé, “Ọpẹ́ ni pé mo ti fẹ́ ẹ kí wọ́n tó bà á jẹ́ tán.” Ní ọdún 1972, wọ́n pè wọ́n sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, wọ́n sì jókòó gẹ́gẹ́ bí adèlé fún eré mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn kò kábàámọ̀, pé kò sí ìjókòó tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo pápá.

Oṣù kẹfà ọdún 1968 ni wọ́n gbé Drahomíra níyàwó, ọmọ kan ṣoṣo tí Alois Hudeček bí. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà ní Hradovice ló mọ Bàbá Hudeček. Àwọn ló ń tan iná fún ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ wa: iná pupa, kí ọkọ̀ dúró, iná àwọ̀ ewé, kó máa bọ̀. Ní ọjọ́ eré, wọ́n a gbé ìrọ̀rí wọn, wọ́n a lọ jókòó sínú àpótí onígíláàsì tó wà lẹ́yìn àwọ̀n ní ìhà ibùdókọ̀. Bí rọ́bà bá kọjá ìlà, wọ́n a tẹ bọ́tìnnì, iná pupa a tàn. Wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ nílé pé, “Ẹni tó bá fi iná purọ́, ènìyàn ló ń pa.” Àwọn ará ìlú, tí wọ́n ti ké orúkọ Bàbá wa kúrú sí Bohouš, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bohouš, ṣé ìwọ lò ń ṣọ́ ilé ni, àbí àna ẹ ló ń ṣọ́ ẹ?”

A wá dé ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1977. A bẹ ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní ìjókòó iwájú kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Eré tó kẹ́yìn ọdún náà ni, àwọn Doubravín ló wá bá wa. Bí a bá ta ọ̀mì, a ó dúró ní ìpele kìn-ín-ní. Bí a bá pàdánù, a ó lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló wà ní pápá. Góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta, ó ku ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ọmọ Doubravín kan gbá rọ́bà láti ẹ̀gbẹ́, Bàbá wa fi ìbọ̀wọ́ òsì hán an, wọ́n sì ṣubú sẹ́yìn lé e lórí. Pápá hó yèè. Lẹ́yìn náà ni iná pupa tàn.

Bàbá wa fò dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà níwájú adarí eré. “Kò wọlé! Mo fi orí ìyá mi búra, kò wọlé!”

Adarí eré yọ̀ lọ bá Bàbá Hudeček. “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ó dá yín lójú? Èmi ò rí nǹkan kan o.”

“Ó wọlé. Ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá ìlà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò.”

“Kí ni mo fẹ́ rò? Ojú ni mo fi rí i.”

Góòlù mẹ́rin sí mẹ́ta. Lokomotiva lọ sí ìsàlẹ̀, a kò sì tíì padà gòkè títí di òní.

Orí Bàbá Hudeček ni ìlú di ẹ̀bi náà rù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ́ fèrèsé ilé. Àga tí àgbàlagbà náà ti ń jókòó sí nílé ọtí bíà láti ọdún 1946, wọ́n gbé e pamọ́. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta bá ti pé, ẹnìkan a gbé fìtílà pupa kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Bàbá Hudeček ì bá fi gba ara wọn sílẹ̀: “Ẹ lọ bi ọkọ ọmọ mi.” Wọn kò sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí eré tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ìrọ̀rí wọn lọ sínú àpótí gíláàsì bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé ni ìdílé Hudeček ń gbé, àwa wà lókè, ṣùgbọ́n tábìlì kan náà la ti ń jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bàbá Hudeček a ní, “Drahomíra, sọ fún ọkọ rẹ kó na iyọ̀ sí mi.” Bàbá wa a ní, “Drahomíra, sọ fún bàbá rẹ pé iyọ̀ ló wà níwájú wọn yẹn.” Ojú ló ń ti Bàbá wa, ìbínú ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni Màmá fi ṣe òǹgbifọ̀ fún ọkùnrin méjì tí wọ́n ń sọ èdè kan náà.

Ẹja Kérésìmesì ọdún 1983 ló bá wa tú u. Láàyè ni à ń ra ẹja tí à ń jẹ ní alẹ́ Kérésìmesì; ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú omi báàfù, a sì gbọ́dọ̀ pa á. Ẹnìkan ní láti dì í mú, kí ẹnìkejì gbá a ní kùmọ̀ lórí, Màmá sì ní ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀. Bàbá wa dì í mú, ni ẹja bá yọ̀ bọ́, ó fò ṣánlẹ̀, ó ń ta káàkiri títí dé abẹ́ bàsíà ìfọwọ́. Bàbá Hudeček dúró, kùmọ̀ lọ́wọ́ wọn.

“Èyí náà ńkọ́?” ni wọ́n wí. “Ṣé wàá tún fi orí ìyá ẹ búra pé kò bọ́?”

Màmá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló sọ ìyókù fún wa. Bàbá wa jókòó sí etí báàfù. “Bàbá, ó wọlé.”

“Mo mọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀.”

“Ẹ dárí jì mí.”

“Ó ti tán nínú mi tipẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lo purọ́ fún, ìlú lo purọ́ fún. Lọ sọ fún wọn. Gbé ẹja yẹn wá ná.”

Bàbá wa lọ lóòótọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984, wọ́n dìde nílé ọtí bíà, wọ́n ní, “Ẹ gbọ́ o. Rọ́bà ọjọ́sí wọlé. Èmi ni mo purọ́.” Ẹ̀rín ni gbogbo ilé bú sí. Ọ̀gbẹ́ni Luboš Štrupl, balógun ẹgbẹ́ wa, gbá wọn léjìká: “Bohouš, jókòó jàre! Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó ẹ ló rán ẹ.” Ẹlòmíràn ní, “Ẹni tó ń gbé nílé àna, kí ló tún fẹ́ sọ?” Wọ́n sì fi bíà ṣe Bàbá wa lálejò.

Oṣù kẹwàá ọdún 1991 ni Bàbá Hudeček jáde láyé. Ènìyàn mọ́kànlá ló sin wọ́n dé ibojì, mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ àwa ẹbí. Ẹgbẹ́ kò fi òdòdó kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ọjọ́ yẹn nìkan la rí i kí Bàbá wa sunkún ní gbangba. Nígbà tí ẹgbẹ́ ń ṣe àsè ìrántí ogún ọdún eré ọjọ́ náà ní 1997, wọ́n tún dìde, wọ́n fi gbohùngbohùn sọ ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ pé ọmọlúàbí ni Vrzal, ó ń gbèjà òkú. Bí ènìyàn bá sọ òótọ́, tí a sì ń yìn ín fún irọ́ tí kò pa, kí ló kù kó ṣe?

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni wọ́n gbé ayé fún. Wọ́n fi bàtà onírin kọ́ ní ọdún 1980, wọ́n sì kọ́ aṣọ́lé mẹ́tàlélógójì láàárín ọdún 1981 sí 2009, mẹ́ta nínú wọn ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà lókè òkun. Ọmọ tó bá ní kò wọlé nígbà tó wọlé, òun ni yóò gbá gbogbo yìnyín mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún wà nínú ẹgbẹ́ panápaná tí kò gbowó. Nígbà ìkún omi kan, wọ́n gbé ìyá arúgbó kan jáde lórí ẹ̀yìn, wọ́n sì padà lọ gbé adìyẹ rẹ̀ méje, nítorí ìyá náà kọ̀ láti dákẹ́. Ní ti ẹ̀sìn, a kò ní purọ́, pàápàá nínú ìwé yìí: wọ́n ṣèrìbọmi, wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń tan àbẹ́là lójú oórì ní ọjọ́ ìrántí àwọn òkú lọ́dọọdún láìpa ọdún kan jẹ.

Àìsàn kíndìnrín ló dá wọn dùbúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Wọ́n pe Radana, àkọ́bí wọn, wọ́n ní, “Tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìsìnkú mi.”

“Bàbá, inú máa bí wọn o.”

“Jẹ́ kó bí wọn. Mi ò ní sí níbẹ̀.”

“Àwọn tí kò gbà yín gbọ́ láti ọjọ́ yìí ńkọ́?”

“Torí mo wà láàyè ni. Ta ló ń bá òkú jiyàn?”

Nítorí náà, àwa ẹbí ń fi tó yín létí pé rọ́bà náà wọlé. Alois Hudeček kò purọ́.

Olóògbé Bohumír Vrzal dákẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2018, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n fi ìyàwó wọn Drahomíra sáyé lọ, pẹ̀lú Ctibor ẹ̀gbọ́n wọn, Radana àti Zbyšek ọmọ wọn, Hedvika, Matyáš àti Kryštof ọmọ-ọmọ wọn, àti Anežka tó jẹ́ ọmọ ọmọ-ọmọ wọn, tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ kún gbọ̀ngàn yìí dé ìta, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Kí Bàbá wa tó dákẹ́ ni ẹgbẹ́ Lokomotiva ti fún wọn ní ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú, níbi tí à ń sin àwọn ènìyàn pàtàkì sí. Bàbá wa ní kí a bá wọn kí ẹgbẹ́, àwọn kò gbà á. Inú ibojì Hudeček, ní ìlà kẹjọ, ni wọ́n ní kí a tẹ́ àwọn sí. Nígbà tí Radana béèrè ìdí, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Gbogbo ìlú máa wá sìnkú mi,” ni wọ́n wí. “Ibi tí mo bá wà ni wọ́n máa dé.”

Ènìyàn mọ́kànlá péré la jẹ́ ní ọdún 1991. Bí a bá dé ìlà kẹjọ lónìí, orúkọ méjì lẹ ó rí lára òkúta náà. Ẹ jọ̀wọ́, ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí fìlà fún.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa, aṣọ́lé tó mọ ìgbà tó wọlé. Bàbá Hudeček, ẹ rọra dìde jókòó: àlejò yín ti dé.